Rọ́bà Bíréèkì Akínbọ̀dé

Ẹ sún wọlé sí i, ẹ má jẹ́ kí òjò máa ta sí yín lẹ́yìn. Ẹ fi àwọn kẹ̀kẹ́ yín sílẹ̀ níta, mo ti fi epo pa ṣéènì wọn. Òjò yìí kò ní tètè dá, ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wá láti ìlú òkèèrè wá gun òkè wa sì ti ń fi ojú kan wò mí láti àná. Mo tún kẹ̀kẹ́ ọ̀kan nínú yín ṣe, ó dúró tì mí títí, ó ń retí kí n sọ bó ṣe rí fún òun, èmi kàn gbé súpánà mi, mo wọlé lọ. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé agbéraga ni mí. N kò bínú sí i. Ìyàwó mi ń se ọbẹ̀ tí àlejò ń lá ọwọ́ lé lórí, n kò sì yìn ín láti ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi kọ́ ilé, ó mú mi yí i ká, mo kàn ń mi orí bí alángbá ni. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí gbogbo yín ń sọ láìmọye ìgbà lóòjọ́, tí ẹnu tèmi kò lè sọ. Akínbọ̀dé, ìwọ tí ò ń jẹ ẹ̀pà ní kọ̀rọ̀ yẹn, jọ̀wọ́ bá mi sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́.

"Ó dára."

Ẹ gbọ́ ọ. Òun náà ni. Ẹ wá wo ẹni tó sọ ọ́, ẹ wo bí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣe nà sílẹ̀ tí kò ṣeé ká. Èmi ni mo fa ẹsẹ̀ yẹn. Òun mọ̀, ìyàwó rẹ̀ mọ̀, gbogbo ìlú mọ̀, nítorí náà kì í ṣe àṣírí ni mo fẹ́ tú fún yín. Ibi tí mo lọ nítorí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí ni orúkọ mi. Bí ẹ bá dé àwùjọ ọdẹ tí ẹ kò gbọ́ orúkọ yìí, ẹ yáa padà, kì í ṣe ọdẹ lẹ bá níbẹ̀. Èmi ni mo ta ẹfọ̀n tó ń lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lóko, tí ó ṣubú tí ilẹ̀ mì tìtì. Èmi ni mo bá ẹkùn pàdé lójú ọ̀nà tóóró kan tó jẹ́ pé ẹkùn ló yà fún mi. Akínbọ̀dé ń rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ẹkùn, ológbò ìgbẹ́ ni. Ẹ gba tirẹ̀ gbọ́ bí ẹ bá fẹ́. Ohun kan wà tí òun pàápàá kò lè bá mi jiyàn lé lórí: kò sí ọdẹ tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta bí èmi. Ẹ ti rí i pé etí odò ni ìlú wa wà, igbó tí ẹran wà sì ń bẹ lórí Òkè Ọ̀wàrà. Bí ọdẹ bá gbé ẹran sórí tó ń fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀, oòrùn àti eṣinṣin á ti gba ìpín tiwọn kó tó délé. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè, tí a sì ń gùn ún sọ̀kalẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọdẹ wa ṣe ń tọ́jú ìbọn rẹ̀ náà ló ń tọ́jú kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tèmi, nígbà tí mo rà á, kẹ̀kẹ́ lásán ni, irú èyí tí tíṣà ń gùn lọ sí ilé ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gùn ún sọ̀kalẹ̀, eyín mi ń kan ara wọn títí mo fi gé ara mi láhọ́n jẹ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Mo yọ sípíríǹgì lára alùpùpù kan tó ti bàjẹ́, mo fi í sí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Ó le jù, ó ń gbé mi fò bí ẹni gbé ẹrù tí kò fẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e mo dín agbára rẹ̀ kù, ó wá rọ̀ jù, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo òkúta tó bá pàdé. Ó tó ọdún mìíràn kí n tó rí àárín méjèèjì. Mo wá apá kẹ̀kẹ́ tó gbòòrò kí n lè rí nǹkan dì mú, mo wá táyà tó ní eyín. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ tán, n ó jókòó sí etí odò, n ó máa ronú lórí ohun tí kẹ̀kẹ́ náà bá mi sọ lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kejì n ó yí nǹkan kan díẹ̀, bí ẹni fi iyọ̀ kún ọbẹ̀, n ó tún gòkè lọ dán an wò. Ẹ má rò pé èmi nìkan ni. Èmi àti Akínbọ̀dé la jọ ń ṣe é. Bí mo bá rí ọgbọ́n kan lónìí, yóò ti wà lára kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ́la, bí òun náà bá sì rí òmíràn, á gbé e wá sílé mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àṣà kan wà láàárín àwa ọdẹ òkè, ìfọwọ́bà la ń pè é. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ti fọwọ́ ba kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìwọ tí o ni kẹ̀kẹ́, ìfẹ́ rẹ̀ ti bò ọ́ lójú, o kò ní rí àléébù rẹ̀. O máa gbé e fún ẹnì kejì rẹ, yóò tẹ bíréèkì, yóò yí táyà, yóò mi apá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ọ̀rọ̀ tí Akínbọ̀dé bá mi sọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti sọ ọ́, o kò gbọdọ̀ tún kẹ̀kẹ́ náà yẹ̀ wò mọ́. Bí o bá tún un yẹ̀ wò, o ti pe ọ̀rẹ́ rẹ ní òpùrọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lo máa gbẹ́kẹ̀ lé, tí o ó fi ju ara rẹ sílẹ̀ lórí òkúta.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, àwa ọdẹ máa ń díje láti orí òkè dé odò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan omi ni yóò jẹ́ Aṣíwájú wa nínú igbó títí di ọdún mìíràn. Akínbọ̀dé ti gba ipò náà léraléra, mo sì ti ń bá a yọ̀ pẹ̀lú eyín funfun àti inú dúdú. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje tí mò ń sọ yìí, ó gba kẹ̀kẹ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ìyá ṣe ń yẹ orí ọmọ wò. Ó rí nọ́ọ̀tì kan tó fẹ́ tú, ó fi súpánà tirẹ̀ dè é pinpin. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ ló sì sọ. Ó wá kàn mí. Mo tẹ bíréèkì rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí i. Rọ́bà ẹ̀yìn ti jẹ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, ti iwájú kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ fún un, yóò sọ pé ká dúró de òun, yóò wá rọ́bà mìíràn, yóò sì tún gba ipò náà mọ́ mi lọ́wọ́. N kò fẹ́ kó ṣubú. Mo fi ọmọ mi búra, n kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò mọ̀ ọ́n lára ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, yóò sì rọra máa bọ̀ lẹ́yìn. Mo wo ojú rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó kọjá lára mi bí atẹ́gùn nítòsí igi ahùn, ó ń pariwo pé, "Ọdẹ́jìnmí, o kú ẹ̀yìn o!" Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gbọ́ irin tó ń ha irin. Igi ṣẹ́. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo sọ fún ara mi pé kò sí bí mo ṣe lè dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Irọ́ ni, bíréèkì mi mú bí abẹ, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gùn ún dé odò, mo ti ọwọ́ bọ omi, kí n tó yíjú padà.

Wọ́n gbé e délé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń ba gbogbo ènìyàn lẹ́rù. Ojú rẹ̀ là, ó ń mí, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fi omi sí i lẹ́nu, yóò gbé e mì. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń pe ògiri. Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, gbé àga fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó sì bu oúnjẹ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé bóyá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló bàjẹ́, mo sì sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ bà á. Bí nǹkan kan bá ṣe é, ẹ̀yin ìbá ti rí i." Mo jẹ oúnjẹ náà. Ẹ bi mí bí mo ṣe jẹ ẹ́. Mo gbé òkèlè mì bí ẹni ń gbé òkúta mì, níta sì rèé, wọ́n ń pè mí ní Aṣíwájú.

Baba Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ wa, ló pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Kẹ̀kẹ́ Akínbọ̀dé tó ti ká wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi ìka kan rọ́bà bíréèkì náà, ó sì wò mí.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ṣé o fọwọ́ ba èyí?"

"Mo fọwọ́ bà á, Baba."

"Kí ni ọwọ́ rẹ sọ fún ọ?"

Mo gbé ojú kúrò lára rọ́bà náà. Baba kò nà mí, kò sì bú mi, ìbá sàn kó bú mi. Ó ní, "Ara ọkùnrin yìí ni wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí òkè. Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́bà tó jẹ́ òótọ́ máa ń bá ẹni tí a sọ ọ́ fún sọ̀kalẹ̀ ni. Èyí tó bá jẹ́ irọ́, orí òkè ló ń wà, tí yóò sì so ẹni náà mọ́ ibẹ̀. Ọwọ́ Akọ́rọ̀jọ, ẹni tó ń ṣa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ló wà báyìí, lẹ́yìn òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Kẹ̀kẹ́ ni kí o gùn lọ, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ kì í dúró de ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Fi ìbọn rẹ sílẹ̀. Kí o sì yára. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, yóò gbá gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí òkè lọ sínú odò, Akínbọ̀dé á sì bá wọn lọ."

Mo wo ojú ọ̀run. Ìkùukùu ti ń kóra jọ ní ìhà ìlà oòrùn. Mo ti kẹ̀kẹ́ mi gòkè láìbá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, mo dé ṣóńṣó òkè, mo sì kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀yìn Ọ̀wàrà.

Ibi tí mo kọ́kọ́ dé jẹ́ àárín àpáta méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ẹ̀dá kan dúró síbẹ̀. Láti ẹsẹ̀ dé èjìká, kò ga ju ọmọ tó ń kọ́ ìrìn lọ, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ gùn ju ọ̀pẹ lọ, orí rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún láàárín ewé, ó ń jẹ èso tí ẹyẹ kò tíì rí. Afojúsókè ni orúkọ rẹ̀. Ó kígbe láti òkè pé, "Ta ni ń bọ̀ nísàlẹ̀?" Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, mo ki ara mi tẹ́rùn: mo ka ẹfọ̀n fún un, mo ka ẹkùn fún un, mo fi òmíràn tí n kò tíì pa kún un. Ó jẹ́ kí n sọ tán, ó wá bi mí pé, "Kí ló ga jù lára ọkùnrin tó wà lórí kẹ̀kẹ́, tí kì í ṣe orí rẹ̀?"

Mo ní, "Fìlà mi." Ó tu kóró èso lé fìlà náà, fìlà bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ohùn mi." Ó tu kóró mìíràn sí mi lẹ́nu. Ìgbà tí mo nu ẹnu tán ni ojú mi lọ sí ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi. Ó ga gan-an. Gbogbo ohun tó kù lára kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo ti fi ọgbọ́n tún ṣe, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ rẹ ìjókòó náà sílẹ̀ láéláé, nítorí ó wù mí kí àwọn ará ìlú máa rí mi lókè bí mo bá ń wọlé bọ̀.

Mo ní, "Ìjókòó mi ni."

"Ta lo gbé e ga fún?"

"Àwọn tó ń wò mí."

"Ṣé wọ́n wà níbí?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Igi nìkan ló wà. Ojú tì mí, mo yọ súpánà, mo tẹ ìjókòó náà mọ́lẹ̀ títí kò fi lè lọ sísàlẹ̀ mọ́. Afojúsókè na ẹsẹ̀ kékeré rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n kọjá. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn àpáta yẹn dà bí ògiri. Ká ní mo wà lórí ìjókòó gíga mi, ìdí ìbá gba orí mi kọjá, ẹ kì bá sì rí mi bá sọ̀rọ̀ lónìí. Bí mo ṣe rẹlẹ̀ tán ni mo wá lè gbé ìdí sẹ́yìn kọjá ìjókòó, tí mo sì ń sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ tó ń fi ìdí wọ́ lórí iyanrìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rẹ ìjókòó gbogbo kẹ̀kẹ́ tó bá kàn mí sílẹ̀, ẹ má sọ pé mo fẹ́ sọ yín di aràrá.

Ẹ̀dá kejì ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí lọ́wọ́. Ikùn ló jẹ́ láti òkè délẹ̀, ó nà gbalaja sí ojú ọ̀nà létí ọ̀gbun, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà àká. Bó bá mí sínú, gbogbo igi á tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Agbéèémímì ni wọ́n ń pè é, èémí ẹlòmíràn ni oúnjẹ rẹ̀. Ó bi mí pé èémí ta ni mo gbé wá. Mo ní tèmi ni, mo sì ń lò ó lọ́wọ́.

"Irọ́ ni," ló wí. "Mò ń gbọ́ òórùn èémí ọkùnrin mìíràn lára rẹ. O gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ọ̀kọ̀ lọ. Mo dúró, mo ń wò bí ọ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí. Ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Mo di kẹ̀kẹ́ mú, kẹ̀kẹ́ náà gbéra. Mo ti ń rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, mo sì ń rò ó pé ó tọ́ sí mi, kí ó gbé mi mì ká sinmi. Àfi bí ojú Akínbọ̀dé lórí ẹní ṣe sọ sí mi lọ́kàn. Bí ẹranko yìí bá gbé mi mì, ta ni yóò lọ mú un wá? Mo tú ìdérí ẹnu táyà méjèèjì, mo tẹ ẹnu wọn, mo sì kọ wọ́n sí ihò imú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tú síta, eruku inú táyà bá a jáde. Agbéèémímì dákẹ́, imú rẹ̀ ń yún un, ó wá sín. Háà! Sísín náà gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ mi sọdá ọ̀gbun, ó jù wá sórí àpáta kan tí ewé tútù tó bò ó ti mú kó máa yọ̀. Ó kù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ táyà náà tán pátápátá kí n tó dé e padà. Mo ní ó parí, mo máa yọ̀ ṣubú. Ṣùgbọ́n táyà tó rọ̀ yẹn di àpáta mú bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọńlé. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fẹ́ táyà mi kí ó le koránkorán, tí mo sì ń fi bí ó ṣe le ṣe fáàrí, ohun tó ń wá ni pé kí n dẹwọ́ díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo dé orí pẹpẹ òkúta kan tó tẹ́jú, mo sì bá Akọ́rọ̀jọ níbẹ̀. Obìnrin arúgbó ni, ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ, gbogbo ọwọ́ náà ló sì ń ṣa nǹkan nílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ dà bí ọta odò, wọ́n wúwo, wọ́n ń fúnra wọn yí lọ sísàlẹ̀. Àwọn irọ́ ló kó jọ sí òsì rẹ̀, òkìtì wọn ga, atẹ́gùn sì ń gbọ̀n wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà ni mo ti rí Akínbọ̀dé. Ó wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ó ń tẹ bíréèkì, ó ń tú u sílẹ̀, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn.

"Ọdẹ́jìnmí, o pẹ́ o. Gbà, fọwọ́ bà á, ká máa lọ."

Kí n tó lanu, ojú rẹ̀ ti ṣófo, ó tún tẹ bíréèkì, ó tún rí mi bí ẹni ń rí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọdẹ́jìnmí, o pẹ́ o. Gbà, fọwọ́ bà á, ká máa lọ." Mo bú sẹ́kún. Mo ti rí òkú nínú igbó rí, n kò rí ohun tó ba ọkàn mi jẹ́ tó ẹ̀rín ojú rẹ̀ yẹn.

Akọ́rọ̀jọ fi nǹkan kan sí mi látẹ́lẹwọ́. Kò wúwo ju èèpo ẹ̀pà lọ, kò sì sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tìrẹ nìyí."

Mo ní, "Ìyá mi, kí ni mo lè fi gba ọ̀rẹ́ mi? Ipò Aṣíwájú ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ìbọn mi wà nílé. Kẹ̀kẹ́ mi rèé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo àwọn tó ni òkìtì yìí ló fi ẹrù ilé wọn lọ̀ mí. Kí ni ohun tí ojú rẹ rí, tí etí rẹ̀ kò gbọ́?"

"Rọ́bà bíréèkì rẹ̀ ni."

"Kò gbọ́ ọ títí di ìsinsìnyí. Sọ ọ́ fún un, kí o sì fún un ní rọ́bà tìrẹ. Lẹ́yìn náà, jẹ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó sọ ọ́ ni yóò jẹ ẹ́. Bó bá ti wọ inú rẹ, ẹnu rẹ kò ní sọ irú rẹ̀ mọ́ láéláé, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ òótọ́."

Ààrá sán lókèèrè. Mo lọ dúró níwájú Akínbọ̀dé, mo di apá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Mo sọ fún un pé, "Akínbọ̀dé, mo rí i pé rọ́bà rẹ ti jẹ tán. Mo rí i, mo sì sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ dé odò ṣáájú rẹ." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bíréèkì. Ojú rẹ̀ kò ṣófo mọ́. Ó wò mí pẹ́, mo sì rí i bí ìfẹ́ tó ti wà lójú yẹn láti ìgbà èwe wa ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé o dé odò ṣáájú mi?"

"Mo dé ibẹ̀."

"Ṣé o fọwọ́ kan omi?"

"Mo fọwọ́ kàn án."

"Ṣé omi náà tutù?"

Mo ní, "N kò mọ̀. N kò dúró gbọ́ bó ṣe rí." Mo kúnlẹ̀, mo tú rọ́bà bíréèkì tèmi, mo fi í sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo dè é, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un dè. Mo wá jẹ èèpo náà. Ó korò, ó sì lọ́ mọ́ ìdí ahọ́n mi, ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Akínbọ̀dé gbéra láìwẹ̀yìn. Èmi tẹ̀ lé e láìní bíréèkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ mọ ohun tí mo sọ. Mo fi ẹsẹ̀ ti táyà ẹ̀yìn, bàtà mi gbóná, ó rú èéfín, ó já, mo fi gìgísẹ̀ tì í, ara gìgísẹ̀ bó. Àpáta ń fò bọ̀, igi ń fò bọ̀. Ìjókòó tó rẹlẹ̀ àti táyà tó rọ̀ yẹn nìkan ló gbà mí. Ní gbogbo ìyànà ni mo ń gbọ́ rọ́bà mi lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú, tó ń di táyà mú, tó ń tú u sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí dé egungun, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Ibì kan wà tí ọ̀nà gbòòrò tí mo lè kọjá lára rẹ̀. Mo fi ìgbẹ́ ya ara mi kí n má baà kọjá. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe wọ etí odò ni n kò rí i mọ́, èmi àti kẹ̀kẹ́ mi já sínú omi gbàá, òjò àkọ́rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé mi lórí.

Mo tiro délé rẹ̀. Mo gbọ́ igbe Ìbídùn láti òde, mo rò pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìgbà tí mo wọlé, Akínbọ̀dé ti jókòó sórí ẹní, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ká ni ó ní kí wọ́n gbé wá. Ó na ọwọ́, ó tẹ bíréèkì. Rọ́bà tuntun ló wà níbẹ̀.

Ó ní, "Rọ́bà ta nìyí?"

Mo ní, "Tèmi ni." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀ àti Baba Olúọdẹ. Akínbọ̀dé kọjú sí ògiri. Ìbídùn gbé àga tó máa ń gbé fún mi, ó gbé e wọ yàrá lọ. Mo dá ipò Aṣíwájú padà, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ láàárín àwọn ọdẹ tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ ba kẹ̀kẹ́ wọn. N kò bẹ̀ wọ́n. Ojú mi kò gbà á.

Ó pẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo wà lórí òkè ní èmi nìkan, mo rí ọkùnrin kan tó ń tiro gòkè bọ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́. Akínbọ̀dé ni. Kò kí mi. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà fún mi, ó ní, "Fọwọ́ bà á." Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti táyà dé táyà, mo tú ohun tó le, mo de ohun tó tú, oòrùn kúrò lórí wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tí kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́, ó dúró, ó ń retí ọ̀rọ̀ náà. Mo lanu. Kò sí ohun tó jáde. Ó ní, "Sọ ọ́." Mo tún lanu, omi ló ń bọ́ lójú mi.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí mo lè gbà sọ ọ́. Mo gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fúnra mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Mo fi gbogbo agbára gùn ún, lórí àpáta tó burú jù, kí ó lè rí i kedere. Mo gbọ́ tó gun kẹ̀kẹ́ tèmi tẹ̀ lé mi. Mo dé etí odò, mo tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ náà dúró ṣinṣin, omi kù díẹ̀ kó kan táyà. N kò sọ̀kalẹ̀. Mo di ọwọ́ mi méjèèjì mú mọ́ àyà. Akínbọ̀dé dé, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ẹsẹ̀ tó ń tiro yẹn sílẹ̀, ó fi èkejì kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó sì ti ọwọ́ bọ inú odò. Ó fi í síbẹ̀ pẹ́ títí.

Ó ní, "Ó tutù. Wá fọwọ́ kàn án."

Ẹ gbọ́, òjò ti dá. Ẹ dìde, ilẹ̀ kò ní pẹ́ ṣú, òkúta yóò sì máa yọ̀. Ẹ kó kẹ̀kẹ́ yín wá síwájú èmi àti Akínbọ̀dé kí ẹ tó lọ, a ó fọwọ́ bà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ni yóò bá yín sọ ọ̀rọ̀ náà. Èmi á ti gùn wọ́n yí àgbàlá ká ṣáájú kó tó sọ ọ́.